Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tó Kọ́ Mi Ní Ìtàn Kíkọ, àti Ìwé Màmá Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi jẹun ní Jámánì látọdún gbọọrọ yìí, ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn. Mo máa ń ní iṣẹ́ ìwé ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kún. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo jókòó ti àgbàlagbà, mo bi í bí ayé rẹ̀ ti rí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kú. Nígbà mìíràn ó ti kú kí wọ́n tó pè mí, ó wá di àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ń bi. Mo lé ní ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ojú mi kò mú mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní, bí fóònù bá dún lójijì, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó gbé e. Iṣẹ́ yìí ló fi ẹ̀rù náà sí mi lára. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó sọ pé òun náà fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Ìjọba ló rán mi lọ kàwé ní Rọ́ṣíà nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo sì gbọ́ èdè wọn yékéyéké. Nígbà tí nǹkan dojú rú níbẹ̀, èmi àti ọkọ mi bọ́ sí Berlin, a rí ilé yàrá méjì gbà ní Schöneberg. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, èmi ń tún ilé onílé ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń bá tún ilé ṣe ló sọ fún mi pé àgbàlagbà ará Rọ́ṣíà kan wà ní Lichtenberg, lápá ìlà oòrùn Berlin, tó ń wá ẹni tó lè fi èdè wọn tẹ tápìráítà. Mo lọ, ó gbà mí. Owó tó ń san kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe pè é títí ó fi kú. Ológun ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yìnbọn ńlá. Òun àti àwọn ọmọ ogun wọn ti wà ní ìlà oòrùn Jámánì fún ọdún púpọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé, kò bá wọn lọ. Ibi tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí nìyí, ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ fún àjèjì. Ó ń gbé ní àjà kẹjọ nínú ilé gogoro kan, àwọn àpótí káàdì ló kún inú yàrá rẹ̀ bámúbámú, débi pé ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn fi ń rìn wọlé.

Ó tó ọdún kan kí ó tó sọ fún mi bí òun ṣe bọ́ sídìí ìwé. Lójú ogun, bí ọmọ ogun kan bá kú lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, orúkọ nìkan ló ń pa dà: ọmọ yín jẹ́ akíkanjú, ó kú fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Ogun parí, ìyá kan wọ rélùwéè fún ọjọ́ méjì wá bá a. Ó mú lẹ́tà tirẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ dání, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Kò bú u. Ó kàn bi í bóyá ọmọ òun ṣì máa ń súfèé bó bá ń di okùn bàtà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò mọ̀. Ó ní ìbọn kò dójú ti òun rí láyé, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn dójú ti òun. Látọjọ́ náà ló ti ń wá àwọn tó bá àwọn òkú náà gbé kiri, ó ń bi wọ́n ní kúlẹ̀kúlẹ̀, ó ń kọ ìwé pẹlẹbẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Nígbà tó bọ́ aṣọ ogun, ó di iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ní Berlin ń pè é pé kó wá kọ tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń bi ìyá àgbà àti bàbá àgbà léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gá yẹn le. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n kọ gbólóhùn kan. Káàdì ni mo ń tò. Ohun kan lórí káàdì kan, ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ẹlòmíràn tó jẹ́rìí sí i. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí kejì, káàdì náà á wọ inú àpótí pupa, kò ní jáde níbẹ̀ láéláé. Ìbéèrè kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ní kí n bi èèyàn, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sọ fún un pé láàrin tiwa, bí o bá bi àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, á ní o fẹ́ sọ òun di òpùrọ́. Ó ní kí n lọ wá bí n ó ṣe bi í tí kò ní bínú.

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn bàbá ìjọ wa kan tó dolóògbé, èyí tí wọn máa ń kà níbi ìsìnkú. Èyí ni mo kọ́kọ́ dá kọ. Mo kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́: onínúure ni, olùfọkànsìn ni, baba rere ni, ọ̀làwọ́ ni. Mo gbé e fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì kó bá mi wò ó. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ, ó sì ń fi pẹ́ńsù fa igi lé e bí mo ṣe ń kà á. Ìlà mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù. Ó ní, ta ló ṣe lóore? Kí ló fún un? Ìgbà mélòó ló fún un? Mo lọ sunkún ní ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti gbé kóòtù mi sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n lọ bi opó bàbá náà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọdún mẹ́fà ni bàbá yìí fi ń bá arúgbó ará Jámánì kan gbé ẹrù ọjà gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ìyẹn. Nígbà tí wọ́n kà á, àwọn tó ń fi ìwé fẹ́ ara wọn dá ọwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọ̀gá mi ń wí.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí òun náà kọ́ lọ́dọ̀ mi. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì á ní dandan ni, iye ọmọ dà? Màmá tí mo ń bi á sì ní Ọlọ́run ṣe é, á dákẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé ta lẹ gbé pọ̀n nígbà tí ẹ kó dé ilé yìí, ta ló tẹ̀ lé e, ta lẹ máa ń rán níṣẹ́ ọjà. Orúkọ á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó rán mi padà sí Hamburg nítorí pé mo kọ pé ìyá kan ń gbé ní àjà kẹta, àwòrán tí mo mú wá sì fi hàn pé àjà kejì ni. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, mo ka àtẹ̀gùn, mo padà wá. Àjà kejì ni.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà bí ọdún ṣe ń yí. Tápìráítà la fi bẹ̀rẹ̀, ó wúwo bí ọlọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dé. Àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti rí iná pupa tó tàn lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ á bọ́ sọnù lẹ́nu wọn, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá rán wá. Mo máa ń fi ìborùn mi bò ó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọlé, Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò fọwọ́ kàn án. Ó ní tápìráítà máa ń fi ojú àṣìṣe hàn, ṣùgbọ́n èyí, èèyàn lè yí ayé ẹni padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí ojú àpá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n ti lò, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀, èmi nìkan ni mo ń lò ó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Màmá Ẹ̀bùn. Ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá Ẹ̀bùn ń lọ ní Hamburg. Òun àti Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ ló jọ ń gbé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí n kò ní kà fún yín. Billbrook, àdúgbò kan ní Hamburg, ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ òkìrìkà. Òun ló ń gbé ìdì aṣọ láti orí kẹ̀kẹ́ sórí tábìlì, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nínú ìwé ibi iṣẹ́, ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ní tòótọ́, ẹni àádọ́rin ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó bá a ṣe ìwé ìrìnnà ní Èkó ló yọ ọdún mẹ́wàá, kí ó lè ríṣẹ́ bó bá dé ọ̀hún. Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ìwé. Ti ìwé kì í ṣe ọjọ́ orí lójú wa, bíi kóòtù tí èèyàn ń gbé wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ni. Ti ilé ni à ń lò fún ara wa, torí òun ló ń sọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún ẹni.

Ìyá Dàpọ̀ nínú ìjọ náà rí ìwé ìrìnnà Màmá Ẹ̀bùn níbì kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Ìyá Dàpọ̀. Bó ṣe ṣírò ara rẹ̀ di ẹ̀gbọ́n nìyẹn, ó sì pe Màmá Ẹ̀bùn ní "ìwọ" lójú gbogbo ayé nínú ilé ìdáná ìjọ. Mo gbọ́ pé Màmá Ẹ̀bùn gbé ìkòkò kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dé ilé, ó pè mí.

"Sister Bísí, abeg, wá kọ láìfù mi," ó ní. "Mo fẹ́ ṣe thanksgiving àádọ́rin ọdún. Kí wọ́n kà á fún gbogbo ìjọ. Ìyá Dàpọ̀ yẹn, mo ti bímọ nígbà tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù."

Mo lọ bá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta ni ó dédé dárúkọ àkọ́bí rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọmọ kankan wà ṣáájú Ẹ̀bùn. Ọkùnrin ni, ọmọ ogún ọdún ni ìyá rẹ̀ nígbà tó bí i. Ó kàwé tán, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyá rẹ̀. Ibà mú un lọ́jọ́ mẹ́rin, ó kú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá rẹ̀ wá sí Jámánì. Ó ní kò sí ẹni tó bi òun nípa ọmọ náà rí láti ìgbà tí òun ti dé. Ẹ̀bùn, tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ti jókòó tì wá, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ojú ewé kan gbáko ni mo kọ nípa ọmọ yẹn, n kò sì kọ ohun tó dára tó o mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò fa igi kan lé e. Ó ní ẹlẹ́rìí kejì ńkọ́? Mo ní mo ti bá àbúrò Màmá Ẹ̀bùn sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ó ní kí n fi ọdún tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Mo fi í sí i. Mi ò sọ fún un pé ìwé sọ nǹkan mìíràn, torí kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ìwé elédè méjì ni mo ṣe, Yorùbá níwájú, Jámánì lẹ́yìn, torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí Jámánì ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóhùn.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, Màmá Ẹ̀bùn pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Frau Petersen. Ẹ mọ̀ wá, a kì í ṣe nǹkan ká má pe ọ̀gá. Wọ́n fi í jókòó níwájú, ọwọ́ méjèèjì ni èmi fúnra mi fi gbé ìwé náà fún un. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, èmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni fóònù dún. Nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn ìwé. Frau Petersen ni.

"Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì tó wà lọ́dọ̀ mi, nígbà tó bí ọmọkùnrin yẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Èwo ló tọ̀nà?"

Kì í ṣe ìkà. Ó ṣàlàyé fún mi pé iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni wọ́n fi obìnrin náà sí, bó bá ti pé àádọ́rin ọdún, kò yẹ kó máa gbé e. Bí fáìlì bá sì ṣì, òun kò lè mọ̀ kí òun dákẹ́. Ọjọ́ Ajé ni òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Mo ní n ó pè é padà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìwé Màmá Ẹ̀bùn wà lórí tábìlì Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì, tí wọ́n fẹ́ fún un ní ìwé ìgbélùú tí kì í kú mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé tó mú wọ̀lú kò tọ̀nà, èyí tó ti ní pàápàá lè bọ́. Mo pe Màmá Ẹ̀bùn, mo sọ fún un.

"Wọ́n á lé mi," ó ní. "Sister Bísí, níbo ni wọ́n máa lé mi lọ? Yàtọ̀ sí àbúrò mi kan ní Ìjẹ̀bú, ta ló kù nílé tó mọ̀ mí?"

Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, mo gba Lichtenberg lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì wà níbẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo ojú mi, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọjọ́ orí méjì àti ti Ìyá Dàpọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mò ń gbọ́ bó ṣe dún létí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wa, ojú ń tì mí.

"O mọ̀ pé ìwé rẹ̀ sọ ọgọ́ta?" ó ní.

Mo ní mo mọ̀.

"O kò sì sọ fún mi."

Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó dúró níbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé yóò ní òtítọ́ ni òtítọ́, kí n pe obìnrin náà kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá tó rán mi lọ ka àtẹ̀gùn, kí ni mo tún fẹ́ kó sọ? Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi á dúró sí ọjà náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì yí padà. Ó ní kí n tan kọ̀ǹpútà.

Sátidé àti Sọ́ńdè la fi ṣe é. A fi ọdún mẹ́wàá sún gbogbo nǹkan síwájú, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó wọ ilé ìwé, ọdún tó kọ́ṣẹ́ aṣọ, ọdún tó lọ́kọ. Kò nira, ìka mi ló kàn ń lọ. Ìbẹ̀rù mú mi bó ṣe rọrùn tó. Gbogbo rẹ̀ gbà, àfi ọmọkùnrin yẹn. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wọ Jámánì wà nínú ìwé ìrìnnà, ẹnikẹ́ni kò lè sún un. Bí a bá sì sún ọjọ́ ìbí ọmọ náà síwájú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni yóò jẹ́ nígbà tó kú, Frau Petersen sì ti kà á pé ó ti ń gbowó oṣù. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tò ó lórí káàdì lọ́nà mẹ́rin, kò gbà. Ẹni tó bá wo káàdì wọ̀nyẹn á rí i pé ọmọ náà lè wà, ìyá rẹ̀ náà lè wà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló lè bí i. Kò sí èyí tó fẹ́ sọ ọ́ jáde nínú àwa méjèèjì.

Mo pe Màmá Ẹ̀bùn, mo ń kólòlò. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé àbúrò mi ni," ó ní. "Ó ti kú, kò ní bínú."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní kí n dìde níwájú ẹ̀rọ náà. Òun tí kò fọwọ́ kàn án rí, ó jókòó sí i, ó fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ "àbúrò rẹ̀ ọkùnrin" ní Jámánì síbi tí "ọmọ rẹ̀" wà. Mo ní kí n bá a tẹ ìyókù, ó ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà jáde lójú ewé yẹn, òun ló tẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg. Ọ́fíìsì Frau Petersen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rù náà, òórùn aṣọ àtijọ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n ti pe Màmá Ẹ̀bùn wá látìdí iṣẹ́, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọ kóòtù dúdú. Ó sọ pé òun ni olùkọ́ mi, òun lòun ń yẹ gbogbo iṣẹ́ tí mo bá ṣe wò, òun lòun ṣi káàdì kà tí òun sì fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí obìnrin yìí. Ó gbé ìwé tuntun kalẹ̀, ó gbé lẹ́tà kan lé e, ó ti fi orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀ nínú ogun sí ìsàlẹ̀.

Frau Petersen tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn. Ó ṣí ojú ewé ọmọ yẹn nínú ìwé ti tẹ́lẹ̀, ó fi ìka sí i, kò sì wo èmi tàbí Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Màmá Ẹ̀bùn ló wò.

"Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún yín," ó ní. "Kí ló jẹ́ sí yín?"

Mo wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ ló ń wò.

"Mein Bruder," Màmá Ẹ̀bùn ní. Àbúrò mi ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó fi í lé itan rẹ̀. "Mein kleiner Bruder." Àbúrò mi kékeré.

Frau Petersen pa ìwé àkọ́kọ́ dé, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ti tuntun sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Bóyá ó gbà wá gbọ́, mi ò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Màmá Ẹ̀bùn kúrò nídìí ẹrù, wọ́n fi í sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń já bọ́tìnnì, ó sì ń jókòó ṣe é. Nígbà tí a jáde sí àgbàlá, ó ní àkókò ìsinmi òun ti tán, òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì bó ṣe máa ń kí àgbà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣí fìlà fún un.

Mo lo gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn láti ojúlé dé ojúlé, mò ń gba ìwé ti tẹ́lẹ̀ padà. Ìyá Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ti fi àpòòwé di tirẹ̀ kí n tó dé. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, òun kò ka nǹkan kan, kí n bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun ní Billbrook. Kò pe Màmá Ẹ̀bùn ní "ìwọ" mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, èmi àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì jọ wọ ọkọ̀ padà sí Berlin. Ibi tí a ti fẹ́ pínyà ló ti ní kí n má gbé iṣẹ́ mi wá fún òun yẹ̀ wò mọ́. Mo rò pé inú ló ń bí i. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe ìbínú, òun kò ní ẹnu tí òun á fi bá èèyàn wí mọ́ ni. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé, ó pa á tì lópin sáà yẹn, ó sọ fún àwọn òbí pé ó ti rẹ òun. Ó tún lo ọdún mẹ́ta láyé, kò kọ ìwé kankan mọ́. Mo máa ń lọ kí i, a jọ ń mu tíì, a ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí n kọ ìtàn rẹ̀. Mo kọ ọ́ láti inú ogun títí dé àjà kẹjọ, gbogbo rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì méjì. Ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo ni mo fò, torí Màmá Ẹ̀bùn ṣì wà láyé.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti wá kọ tirẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé kí ni ìwé yín sọ? Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan máa ń bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ìyẹn kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá tiẹ̀ bi í, àyà yín kò ní balẹ̀. Tèmi kò balẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Wọ́n fún Màmá Ẹ̀bùn ní ìwé tí kì í kú. Ó fẹ̀yìn tì nígbà tí ìwé sọ pé ó tó, ó ti pẹ́ kọjá ìgbà náà lójú tiwa. Lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló sùn, ó sì jẹ́ pé ọjọ́ orí ìwé ni wọ́n kọ sára òkúta rẹ̀, torí òun ni ìjọba mọ̀. Ẹ̀bùn pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Frau Petersen wà níbẹ̀, ó ti di arúgbó, ó ń fi igi rìn. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo jókòó, mi ò lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ìwé kankan kò lè lé e níbikíbi mọ́ báyìí, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Kó tó di Màmá Ẹ̀bùn, Ìyá Fẹ́mi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Olúfẹ́mi ni ọmọ náà ń jẹ́. Òun ló bí i.